Bí a ṣe ń bójú tó omi líle nínú ilé ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù yóò tètè rí i pé ọṣẹ dúdú kì í hó dáadáa níbẹ̀, àti pé èèpá funfun máa ń dì mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù. Òkúta ẹfun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà ló fà á: omi a máa yọ́ kálísíọ̀mù inú rẹ̀ mọ́ra, bí a bá sì sè é, kálísíọ̀mù náà á tún dì. Omi bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní omi líle. Kò léwu láti mu, ṣùgbọ́n ó máa ń dí ihò ṣáwà, ó sì ń ba irin tó ń mú omi gbóná jẹ́.

Fún kẹ́tùlù, ẹ po fínígà funfun àti omi ní ìwọ̀n kan náà, ẹ dà á sínú rẹ̀ títí yóò fi bo èèpá mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ ó rí ìfófòó wẹ́wẹ́ tó ń rú sókè. Èèpá ló ń yọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ se omi lásán nínú rẹ̀, kí ẹ sì dà á nù, kí tíì yín má baà kan.

Ní ti orí ṣáwà, ẹ fi ọ̀rá tí fínígà wà nínú rẹ̀ dè é mọ́jú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe po fínígà mọ́ bílíìṣì láéláé, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọṣẹ dúdú fọ irun, omi tí a ti sè, tó tutù, tó sì silẹ̀, ló dára jù.