Ẹ̀wà Tí Ẹ Rà Yẹn Kò Lè Di Mọ́ín-mọ́ín: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Ní Ṣọ́ọ̀bù Àwọn Ará Íńdíà

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jápa dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Oúnjẹ òde ni mo ń sè jẹun, Ealing Road, òpópónà ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà ní Wembley, ni mo sì ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà mi. N kì í dé ibẹ̀ kí n má bá ọmọ Yorùbá kan níwájú ráàkì ẹ̀wà, tí yóò gbé ọ̀rá kan, tí yóò yí i sọ́tùn-ún, tí yóò yí i sósì, tí yóò wá jù ú sínú tróólì, tí yóò fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èmi náà ò lè pa ẹnu mọ́. Màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ọkọ mi ti jáwọ́ nínú kíkà mí sí oúnjẹ alẹ́ bí mo bá ti lọ síbẹ̀. Ó ní bí mo bá ti rí ibi wàásù, ilé ti di ọ̀la.

N kò ní sọ fún yín pé kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Àgbà ni yín.

Èkínní: ẹ̀wà. Ibí yìí ni inú ti ń bí mi jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀.

Ta ló fẹ́ máa bó ẹ̀wà nílùú tí omi ẹ̀rọ ń gé èèyàn lọ́wọ́ lóṣù Kìíní? Àwọn Gujarati, ẹ̀yà kan láti Íńdíà, ti bá wa bó o sílẹ̀. Chora dal ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀wà olójú dúdú tí à ń jẹ nílé náà ni, wọ́n là á sí méjì, wọ́n sì bọ́ èèpo rẹ̀ dànù. Ẹ rẹ ẹ́ bíi wákàtí méjì, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata, àkàrà dé. Gbogbo wàhálà bíbó, fífọ̀ àti dída èèpo nù nínú síǹkì tó ti dí, ó tán.

Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń to urad dal sí. Òun náà funfun, òun náà là sí méjì, ọ̀rá ilé-iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sábà máa ń dì í sí. Bí ẹ bá lọ urad, yóò yọ̀, yóò sì máa fà. Kò sí ohun tó ṣe é o, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Fífà yẹn ni àwọn tó ni ín ń wá, òun ni wọ́n fi ń ṣe idli tí wọ́n ń fi ooru omi sè àti dosa pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yan, òun náà ni wọ́n fi ń dín vada oníhò láàárín tó wà lórí kántà, èyí tí gbogbo yín máa ń nàka sí pé, "Ẹ wò ó, àkàrà!" Kì í ṣe àkàrà.

Arábìnrin kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìsọmọlórúkọ ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Àǹtí mi, ẹ gbà mí. Mọ́ín-mọ́ín yìí ti wà lórí iná láti ìrọ̀lẹ́, kò fẹ́ dì. Ó kàn ń lẹ̀ mọ́ ewé."

"Ẹ̀wà wo lo rà?"

"Èyí tí wọ́n ti bó ni, mà."

"Kí ni wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀?"

"Mi ò wò ó, Àǹtí. Ó ṣáà funfun."

Ó ṣáà funfun! Kílò mẹ́fà ló ti lọ̀, pẹ̀lú ẹyin, ẹja dídì àti ewé tí ó fi owó gidi rà ní Peckham, níbi ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Mo ní kí ó dín ìyókù ní vada, kí ó sọ fún àwọn àlejò pé oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè ni. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè ẹni tó sè é.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nìyí. Urad kéré, ó gùn díẹ̀, ó sì funfun nini. Chora tóbi jù ú lọ, ó fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti yọ díẹ̀ sí ti wàrà, bí ẹ bá sì gbé ọ̀rá náà sí ìmọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí dúdú díẹ̀díẹ̀ tó ṣẹ́kù níbi ojú ẹ̀wà lára àwọn kan. Bí ẹ kò bá rí dúdú kankan rárá, ẹ dá a padà. Èyí tó bá jọ yẹ́lò, yálà chana, moong tàbí toor, kò kàn yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń wá àkàrà. Toor kan tilẹ̀ wà tó ń dán yanran nítorí òróró tí wọ́n fi pa á kí kòkòrò má bàa bà á jẹ́. Ẹni tó bá rà á, omi gbígbóná ni kí ó fi fọ̀ ọ́ kí ó tó gbé e kaná.

Ẹ tún wo ọjọ́ tó wà lára ọ̀rá. Chora tó ti pẹ́ lórí ráàkì kì í ru bí ẹ bá ń pò ó, àkàrà rẹ̀ á sì le. Ṣọ́ọ̀bù tí èrò ń wọ̀ ni kí ẹ ti rà á, kódà bí ti ibòmíràn bá fi ogún pẹ́ńsì dínwó. Ẹ sì jọ̀wọ́, ìyẹ̀fun besan kì í ṣe ìyẹ̀fun ẹ̀wà wa. Ẹ̀wà chana ni wọ́n lọ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan sọ fún yín lórí WhatsApp pé kò sí ìyàtọ̀. Ẹ pe ẹni náà kí ó wá jẹ ẹ́.

Èkejì: ìrẹsì. Basmati lásán ni ẹ ń dà sínú ata fún ìnáwó, ẹ wá ń retí kí ó dúró lọ́kọ̀ọ̀kan nínú kúlà láti aago méjì di aago mẹ́jọ alẹ́. Kò lè ṣe é. Èyí tí wọ́n kọ "sella" sí lára ni kí ẹ rà, golden sella tó pọ́n díẹ̀. Wọ́n ti bọ̀ ọ́ tèèpo-tèèpo kí wọ́n tó bó o, ìdí nìyẹn tí ó fi le tí kì í sì í tètè fọ́. Ẹ rẹ ẹ́ bí ìṣẹ́jú 30, kí ẹ má sì bu omi sí i bí ti ìrẹsì tí ẹ mọ̀ nílé. Àpò kílò 20 ló dínwó jù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbé yàrá kan, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí yóò sùn.

Ẹ̀kẹta: ata Kashmiri. Ó pupa, kò ta. Àwọ̀ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ rà á. Ẹni tó bá fẹ́ kí imú òun ṣàn, kó wá èyí tí wọ́n kọ "extra hot" sí lára.

Bí ẹ bá sì ń wá kọ́rì tí à ń fi sí jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ padà sí Peckham. Tiwọn yàtọ̀.

Òróró mọ́sítádì: wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé ara ni kí ẹ fi pa, nítorí ásíìdì erucic tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má fi dín ẹja.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tó wà nínú agbọ̀n yẹn kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ẹ lè tọ́jú rẹ̀ títí di ọdún Kérésì, kò ní di dòdò.

Hing ńkọ́, èròjà ọbẹ̀ tó ń rùn gan-an yẹn? Ike kékeré yẹn, ìwọ̀nba tí èékánná lè bù ni à ń fi sínú òróró gbígbóná fún odidi ìkòkò kan. Ọmọkùnrin kan tó ń gbé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin bu ṣíbí kan gbáko sínú ọbẹ̀ nítorí ó gbọ́ pé ó dára fún inú. Gbogbo fèrèsé ilé náà wà ní ṣíṣí nínú òtútù títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ dé e pa, kí ẹ tún fi ọ̀rá wé ike náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gaàrí yín á máa rùn ún. Bí ẹnì kan nínú ilé kò bá sì lè jẹ àlìkámà, ẹ ka ara ike náà kí ẹ tó rà á, torí wọ́n sábà máa ń fi ìyẹ̀fun rẹ̀ lú u.

Ó kan ilá. Ìwé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òkè agbọ̀n ilá ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ń lọ, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ́ orí ilá. Lábẹ́ ìwé náà gan-an ni wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ. Pá, pá, pá. Kì í ṣe àwa nìkan o, àwọn ìyá àgbà oní-sárì náà mọ̀ pé èyí tí kò bá dá pá ti gbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ́ ogún tó wá ra mẹ́fà, tó fi mẹ́rìnlá aláìlórí sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ló fẹ́ ká pe òun? Èyí tó kéré, tí ìka bá sì lè tẹ̀ síwá sẹ́yìn, kò tíì gbó. Kò di dandan kí ẹ pa á.

Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, ẹ dúró ná. Ratalu tí wọ́n ń kó dé nígbà òtútù, ìṣu ewùrà ni. Àwọn Gujarati ń fi í sí undhiyu, oúnjẹ ọdún wọn lóṣù Kìíní. Èmi fi se ìkọ́kọrẹ́, ó jáde ní àwọ̀ àlùkò, àwọn ọmọ mi ya fọ́tò rẹ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ pé. Ẹ̀ ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ sì ń sunkún pé kò sí ewùrà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ yé béèrè ẹran. Ojú ọ̀nà tí tẹ́ńpìlì Hindu ńlá olókùúta gbígbẹ́ wà, tí wọ́n ṣí ní 2010, ibẹ̀ lẹ ti ń bi obìnrin tó jókòó sídìí owó pé ṣé ẹran màlúù wà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí kì í ta ẹran rárá, àwọn kan kì í tilẹ̀ ta ẹyin. Ẹ wo ohun tó wà lórí ráàkì kí ẹ tó la ẹnu.

Ní ti kántà ìpanu, ibẹ̀ ni owó kékeré ti ń di owó ńlá.

Ẹ má sọ fún ẹni tó ń ta jalebi àti barfi, àwọn ìpanu aládùn wọn, pé kí ó "kún páálí." Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á, páálí kékeré náà sì ń gbé ju bí ojú ti rí i lọ. Ẹ sọ pé gíráàmù 250, kí ẹ dákẹ́. Bébà fàdákà tó wà lórí barfi ṣe é jẹ, ẹ yé fi èékánná ha á kúrò níwájú onílé.

Sámósà tó tutù kò bàjẹ́, ilé ni wọ́n fẹ́ kí ẹ ti gbé e gbóná. Inú ófùn ni kí ẹ gbé e sí o. Maikirowéfù á sọ èèpo rẹ̀ di rọ́bà, ẹ ó wá máa sọ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ.

Mogo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Pákí díndín ni, pẹ̀lú iyọ̀, ata àti ọsàn wẹ́wẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò fi ilé sílẹ̀ nítorí àti wá jẹ pákí, ṣùgbọ́n ẹ tọ́ ọ wò. Kenya àti Uganda ni ọ̀pọ̀ nínú ẹbí àwọn tó ni àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí ti wá. Ní 1972, Idi Amin fún àwọn ará Éṣíà ní 90 ọjọ́ láti kó jáde ní Uganda, bí 28,000 nínú wọn ló sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kó pákí mọ́ ẹrù. Èyí tó wà nínú fìríìsà wọn ti bó, ó ti gé, ẹ ṣáà kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ kó rọ̀ kí ẹ tó dín in. Ẹni tó gún un, tó ń retí fùfú, ibo ló rẹ ẹ́ sí?

Pani puri ni èmi kì í gbójú fò. Ẹ wo bí ọkùnrin ìdí kántà yẹn ṣe ń ṣe é: yóò fi àtàǹpàkò lu ihò sórí puri, ìyẹn bọ́ọ̀lù díndín kékeré tó ṣófo nínú, yóò ki ọ̀dùnkún àti chana sínú rẹ̀, yóò da àjàgbọn dídùn lé e, yóò wá rọ omi aláwọ̀ ewé tó kún fún míǹtì àti iyọ̀ dúdú sí i. Láti ìgbà tó bá ti rọ omi sí i, ìṣẹ́jú kan péré lẹ ní. Odindi ni à ń jù ú sẹ́nu. Ẹ má gé e jẹ, aṣọ yín ni yóò mu ún. Omi náà á rùn bí ẹyin díẹ̀, iyọ̀ dúdú ló fà á, kò bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sílé, ẹ ní kí wọ́n di omi lọ́tọ̀, puri lọ́tọ̀, ọ̀dùnkún lọ́tọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní kí wọ́n rọ omi sí pílééètì mẹ́ta, ó dé wọn sínú ike, ó wọ reluwé ní Alperton ó di Hounslow. Ẹ mọ ohun tó bá nígbà tó ṣí i.

Ìsanwó: ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ìdí owó lẹ ó ti kọ́kọ́ sanwó, ẹ ó wá mú rìsíìtì lọ sí kántà. Ẹ má dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú ogún kí ẹ máa ní wọn kò dá yín lóhùn nítorí àwọ̀ yín. Wọ́n ń retí rìsíìtì ni.

Lọ́sẹ̀ Diwali, ọdún ńlá àwọn Hindu, ẹ má débẹ̀ rárá àyàfi tí ẹ bá fẹ́ràn ìlà. Bí ẹ bá sì fẹ́ wa mọ́tò lọ ní ọjọ́ Sátidé, ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá bọ́ọ̀lù tàbí olórin wà ní pápá ìṣeré Wembley lọ́jọ́ náà. Bí ó bá wà, òfin páàkì yí padà ní àwọn òpópónà tó wà láyìíká, owó ìtanràn kan ṣoṣo sì ju ohun tí ẹ máa fi ra chora dal tí ẹ máa jẹ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ wọ reluwé.