Ẹ yé náwó dànù lórí nọ́ńbà gbọọrọ: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Inú ń bí mi o. Kéèyàn ṣáà ti gbọ́ pé wọ́n ń wá nọ́ńbà prime ńlá (nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí nǹkan kan ò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀), ọjà ló máa kọ́kọ́ sáré lọ, á ra láptọ́ọ̀pù olówó gọbọi kó tó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ jẹ́ ká mú 147573952589676412927, ìyẹn 2^67 − 1 (2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 títí tí 2 á fi pé 67, kí ẹ wá yọ 1).

1. Ẹ má fojú wo nọ́ńbà kí ẹ ní prime ni. Mersenne alára, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní prime ni èyí lọ́dún 1644. Lucas, onímọ̀ ìṣirò bíi tiẹ̀, já a ní koro lọ́dún 1876, àmọ́ kò rí ohun tó pín in, àfìgbà tí Cole, tóun náà jẹ́ onímọ̀ ìṣirò, kọ ọ́ sójú pátákó ní New York lọ́dún 1903: 193707721 lọ́nà 761838257287.

2. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 2 kí ẹ máa ka gbogbo nọ́ńbà lọ. Ẹnì kan háyà server (kọ̀ǹpútà ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì), ó ní kó yẹ̀ ẹ́ wò títí dé orí nọ́ńbà náà fúnra ẹ̀! Bílíọ̀nù 12 àti díẹ̀ ti tó, torí bó bá jẹ́ nọ́ńbà kan lọ́nà òmíràn, èyí tó kéré nínú méjèèjì ò lè ju ìyẹn lọ. Pabanbarì ẹ̀, ohunkóhun tó bá máa pín in, tẹ́ ẹ bá yọ 1 kúrò, 134 (ìyẹn 2 lọ́nà 67) gbọ́dọ̀ pín ìyókù láìṣẹ́kù. Ẹ wo ti Cole: 193707720 jẹ́ 134 lọ́nà 1445580. Láptọ́ọ̀pù àlòkù á débẹ̀ wéré.

Èyí tó wá ń dùn mí wọ eegun ni Excel. Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀, kí ẹ ní kó fi gbogbo dígíìtì hàn, 147573952589676000000 lẹ máa rí. Dígíìtì 15 ló ń mú, ó sọ ìyókù di òdo, kò sì ní pariwo. Bí nọ́ńbà tó parí sí 7 ṣe di ohun tí 2 pín, tí 5 pín nìyẹn! Arákùnrin kan pè mí láàárọ̀ Sunday (èmi náà tí mò ń bá nọ́ńbà ṣeré ní Sunday bí ẹni tí ò ní mọ̀lẹ́bí), ó ní òun ti ju Cole lọ, mílíọ̀nù kan ló pín in gẹ́lẹ́. Mo ní bọ̀dá, ẹ wo òdo tó tò sẹ́yìn yẹn. Ó ní kọ̀ǹpútà òun ló kéré. Ó lọ ra ńlá, ó tún tẹ̀ ẹ́, òdo mẹ́fà yẹn náà ló tún bá níbẹ̀, ó wá ń bínú sí ẹni tó tà á fún un!

Python ọ̀fẹ́ ni, PARI/GP ọ̀fẹ́ ni, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò nọ́ńbà gbọọrọ láìgé e làwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń pín nǹkan nínú Python, // ni kí ẹ lò. / Kan ṣoṣo á dá yín padà sí wàhálà Excel.

Ìdánwò Fermat (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń yára yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nọ́ńbà kan jẹ́ prime) nìkan ò tó o: 561 yege ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi 2 dán an wò, bẹ́ẹ̀ 3 lọ́nà 11 lọ́nà 17 ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń lé 150,000 dọ́là tí EFF (ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ àwọn èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) yà sọ́tọ̀ fún prime onídígíìtì mílíọ̀nù 100, ẹ rọra o. Èyí tí Luke Durant rí lọ́dún 2024, 2^136279841 − 1, dígíìtì 41,024,320 péré ló ní, GPU (ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà) rẹpẹtẹ ní orílẹ̀-èdè 17 ló sì fi wá a. Kí wá ni ẹyọ kan tẹ́ ẹ fowó ilé rà yẹn fẹ́ ṣe?