Cryptic crossword: ẹ má gba ìtàn inú ìbéèrè gbọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa. Ẹni tí cryptic crossword (eré fífi lẹ́tà ìdáhùn kún àwọn àpótí, tí ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ àdììtú) bá ń dà láàmú, ẹ má ka ìbéèrè rẹ̀ bí gbólóhùn gidi. Ẹ̀tàn ni. Ìtumọ̀ ìdáhùn sábà máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí ìbéèrè. Ìyókù ló ń sọ bí ẹ ó ṣe to lẹ́tà.

Ẹ wo èyí: "Broken heart for our planet", ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà 5. Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́. "Our planet" ni ìtumọ̀. "Broken" ní kí ẹ da lẹ́tà "heart" rú, kí ẹ tún un tò: EARTH. Iṣẹ́ kan náà ni "mixed", "wild" àti "drunk" sábà máa ń ṣe. (Ẹni tó bá rí "drunk" tó ń wá ọtí kiri ti kó sí pàkúté nìyẹn.) Tí ẹ bá rí "some", ẹ yẹ àárín àwọn ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e wò, ìdáhùn lè sá pamọ́ síbẹ̀.

Tí ẹ bá sì ń ṣàlàyé fún ẹlòmíì, ẹ kọ́kọ́ fi ìtumọ̀ hàn án, kí ẹ tó sọ bí lẹ́tà ṣe jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ju ìdáhùn sílẹ̀ lásán.