Igi óákù tí wọ́n ti gé lulẹ̀: bí a ṣe ń dá a mọ̀, àti ìwé tó yẹ ká rí kó tó di pákó

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igi óákù tí káńsù tàbí akọ́lé bá gé kì í pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń rún igi á gba ẹ̀ka rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ìtì rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la igi ìdáná. Ohun tí à bá fi ṣe tábìlì tàbí férémù ilẹ̀kùn ti di èéfín nìyẹn. Ẹni tó ń bá káńsù fà á nítorí igi àdúgbò àti káfíńtà tó ń wá pákó gidi, ìbéèrè kan náà ló wà níwájú àwọn méjèèjì: irú igi wo nìyí, ta ló ni ín, ìwé wo ni wọ́n fi gé e? Igi ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni tí kò lè dárúkọ igi, wọ́n á ní igi tó ti kẹ̀ ni, kò sì ní rí nǹkan fi já wọn nírọ́.

Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó wo ìtì. Ewé àti èso tó wà yí kùkùté ká máa ń sọ púpọ̀, kódà nígbà òtútù tí ẹ̀ka bá ti wọ́wé tán. Óákù ìbílẹ̀ ibẹ̀ méjì ló wà. Ọrùn ewé Quercus robur kúrú gan-an, etí kékeré méjì sì wà nídìí ewé náà, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ń rọ̀ lórí ọ̀pá tín-ínrín gígùn. Ti Quercus petraea yàtọ̀ pátápátá: ewé rẹ̀ ló lọ́rùn gígùn, èso rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka. Tó bá di ọ̀rọ̀ pákó, ọ̀kan náà ni sáwúmílì ń ka àwọn méjèèjì sí.

Èyí tó yẹ kí ẹ sá fún ni óákù Tọ́kì, Quercus cerris, tí wọ́n kó wọ ilẹ̀ náà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ife tí èso rẹ̀ jókòó sí kún fún irun gbọọrọ, irun tún wà ní ibi tí ewé tuntun ti fẹ́ yọ. Bí ẹ bá wo inú èèpo ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti là jinlẹ̀, ẹ lè rí àwọ̀ ọsàn. Pákó rẹ̀ ń lọ́, ó ń là nígbà tó bá ń gbẹ, bí òjò bá sì ń pa á, kì í pẹ́ jẹrà. Àwọn kan á tà á fún yín ní owó óákù gidi, wọn ò sì ní rò pé àwọn purọ́, torí óákù náà ṣáà ni orúkọ rẹ̀. Quercus rubra, óákù pupa ti Amẹ́ríkà, rọrùn láti mọ̀: ṣóńṣó ewé rẹ̀ mú, nígbà tí ti ìbílẹ̀ rí roboto.

Bí wọ́n bá ti gbá ewé lọ, tí wọ́n sì ti bó èèpo, ojú ibi tí wọ́n gé ló kù. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà gan-an. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì máa ń fi ojú igi sílẹ̀ ní gbágungbàgun, kò sí ohun tí ẹ lè rí níbẹ̀. Ẹ mú ọ̀bẹ tó mú dáadáa, ẹ bẹ́ ibì kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3 títí tó fi dán, ẹ fi omi díẹ̀ pa á. Ojú lásán lè rí i, àmọ́ lẹ́ǹsì kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá nígbà 10 sàn jù.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí ni ihò. Nínú òrùka ọdún kọ̀ọ̀kan, àwọn ihò ńlá á tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ níbi tí igi ti bẹ̀rẹ̀ ìdàgbà rẹ̀ ní ìgbà ìrúwé, lẹ́yìn náà wọ́n á di kékeré lójijì. Ẹni tó ti fi ìrókò ṣiṣẹ́ nílé á rí ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ihò ìrókò fọ́n káàkiri ojú igi ni, kò tò bẹ́ẹ̀. Ohun kejì ló ṣe pàtàkì jù: àwọn ìlà fífẹ̀ tó ti àárín igi wá sí èèpo, tí wọ́n gé òrùka ọdún kọjá. Ohun kẹta ni àwọ̀: inú igi pọ́n bí ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ èèpo sì funfun, ó sábà ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 4.

Àwọn ìlà fífẹ̀ yẹn ni kí ẹ fi dájọ́. Igi ash ní ihò tó tò bíi ti óákù, igi sweet chestnut ní ihò náà àti àwọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí ìlà fífẹ̀ nínú èyíkéyìí nínú wọn. Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ fi àáké la ègé igi kékeré kan láti èèpo lọ sí àárín. Bí ó bá jẹ́ óákù, ojú tó là á ní àbàwọ́n dídán káàkiri bí ìpẹ́ ẹja. Ti chestnut á mọ́ lásán.

Àwọn kan fẹ́ràn ìdánwò fínígà. Ẹ da fínígà sí ìdajì ife, ẹ fi kànìnkànìn onírin tí a fi ń ha ìkòkò sí i, kó wà níbẹ̀ mọ́jú. Ẹ má ṣe dé e pa, torí afẹ́fẹ́ ń jáde nínú rẹ̀. Ẹ kán an sí igi tí ẹ ti bẹ́ mọ́. Óákù á di dúdú aláwọ̀ búlúù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, torí tánínì, èròjà kan tó wà nínú rẹ̀, bá irin pàdé. Ìdánwò yìí á yọ ash kúrò, ṣùgbọ́n kò lè yọ chestnut, torí tánínì wà nínú òun náà. Ẹni tó bá fi fínígà nìkan dájọ́ ti ra chestnut lówó óákù nìyẹn.

Ti óákù pupa, ẹ gé igi inú, kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ èèpo, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ihò rẹ̀ lọ láti orí dé ìdí. Ẹ ti orí kan bọ omi ọṣẹ, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí orí kejì. Bí ó bá hó, óákù pupa ni. Ihò óákù ìbílẹ̀ ti dí, ohun tó sì jẹ́ kí wọ́n máa fi ṣe àgbá ọtí nìyẹn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìtì èyíkéyìí ní Lọ́ńdọ̀nù àti àyíká rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìtẹ́ funfun bí òwú wà lára rẹ̀. Kòkòrò onírun ti àfòpiná kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí níbẹ̀ lọ́dún 2006 ló ń kọ́ ọ. Irun rẹ̀ ń mú kí ara yún, kí ọ̀fun àti ojú máa ta ni, ó sì lè wà nínú ìtẹ́ àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má gbé igi náà. Ẹ fi tó Forestry Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí igbó, létí lórí TreeAlert, ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ìwé. Ní England, òfin Forestry Act ti ọdún 1967 ló ní kéèyàn gba àṣẹ kó tó gé igi. Onílẹ̀ lè gé tó kúbíìkì mítà 5 láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta ti kàlẹ́ńdà láìgba ìwé, bí èyí tó tà kò bá ju 2 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ẹ wọn ìbú igi ní àárín gígùn rẹ̀, ẹ fi ìbú náà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ fi 0.785 ṣe ìlọ́po èyí tó jáde, kí ẹ wá fi gígùn ṣe ìlọ́po rẹ̀. Igi tó fẹ̀ ní 0.8 mítà, tó gùn ní mítà 6, jẹ́ kúbíìkì mítà 3. Óákù kan ṣoṣo ti kọjá ààlà tí wọ́n lè tà nìyẹn. Bí ẹni tó ń ta á fún yín bá ní òun ò nílò ìwé, ìṣirò yìí ni kí ẹ fi hàn án.

Igi inú ọgbà ilé kò nílò ìwé Forestry Commission, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Tree Preservation Order, TPO, ìyẹn àṣẹ káńsù tó ń dáàbò bo igi, lè wà lórí igi yẹn síbẹ̀, a sì ń gba ìyọ̀ǹda kí a tó fọwọ́ kàn án. Bí àdúgbò náà bá jẹ́ conservation area, ìyẹn àdúgbò tí òfin ń dáàbò bo ìrísí rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ni wọ́n ní láti fi tó káńsù létí. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó ìtanràn fún gígé igi láìníwèé kò ní gbèdéke mọ́. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ, kí ẹ tún béèrè TPO lọ́wọ́ káńsù. Bí káńsù fúnra rẹ̀ ló gé e, ẹ kọ̀wé béèrè àbọ̀ ẹni tó yẹ igi náà wò lábẹ́ Environmental Information Regulations 2004, òfin tó fún aráàlú láyè láti béèrè ìsọfúnni nípa àyíká. Ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni wọ́n ní láti fi fèsì.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti tú àṣírí rí. Ní Sheffield, ìwádìí tí Sir Mark Lowcock darí lórí gígé igi ojú títì, tó jáde lóṣù kẹta ọdún 2023, sọ pé káńsù ṣi àwọn ará ìlú àti ilé ẹjọ́ lọ́nà. Ní Whitewebbs Park ní Enfield, ní Lọ́ńdọ̀nù, oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n gé óákù kan tí wọ́n ní ó lè tó ọdún 500. Ẹ̀yìn tí wọ́n gé e tán ni káńsù tó fi TPO lé e. Ìlànà tó dé lẹ́yìn ìwó igi kò lè dá igi padà, ṣùgbọ́n ó lè pinnu ibi tí ìtì rẹ̀ máa lọ. Bí àdúgbò bá kọ lẹ́tà láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta pé kí wọ́n là á ní sáwúmílì fún ìjókòó ilé ìwé tàbí ti ọgbà ìtura, ó ṣòro fún káńsù láti kọ̀ ọ́.

Bí ìwé bá pé, ẹ wá àléébù. Àbàwọ́n dúdú aláwọ̀ búlúù lójú ibi tí wọ́n gé túmọ̀ sí pé ìṣó tàbí wáyà wà nínú rẹ̀. Igi ojú títì kì í ṣàìní. Ẹ fi ẹ̀rọ tí ń wá irin yẹ̀ ẹ́ wò, torí sáwúmílì á gba owó ayùn tó bàjẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ìlà èèpo bá ń yí igi ká bí okùn tí wọ́n lọ́, pákó rẹ̀ á lọ́ tó bá gbẹ. Ibi tó sán tó yí po pẹ̀lú òrùka ọdún burú ju èyí tó sán láti àárín jáde, torí pákó á ya sọ́tọ̀ lára ara rẹ̀. Olú aláwọ̀ ọsàn tó yọ bíi pẹpẹ lára ìtì ń jẹ inú rẹ̀ di onígun mẹ́rin kékeré, kò ṣe é là. Ṣùgbọ́n olú Fistulina, tó pọ́n bí ẹran tútù, ń sọ igi di dúdú rẹ́súrẹ́sú lẹ́wà, àwọn tó ń ṣe àga sì ń san owó ńlá lé e.

Ẹ kun orí méjèèjì ìtì pẹ̀lú ọ̀dà lọ́jọ́ tí ẹ gbé e dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á là wọlé. Ní ìgbà òtútù ló dára jù láti gé e. Fún àtúnkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ní Paris, kí oṣù kẹta ọdún 2021 tó parí ni wọ́n ti gé óákù tí wọ́n yàn, kí oje tó gòkè. Lẹ́yìn tí ẹ bá là á, ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ mílímítà 25 máa ya pákó sí pákó ní sẹ̀ǹtímítà 45 síra wọn, kí ọ̀kan wà lórí ọ̀kan gbọnrangandan. Ọdún kan fún mílímítà 25 ìnípọn pákó ni àpapọ̀ àkókò gbígbẹ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ dín sí ìsàlẹ̀ bíi ìdá 18 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ilé tó ní híìtà ń béèrè 8 sí 10; ẹ gbé e wọnú ilé tàbí sínú ààrò tí wọ́n fi ń mú igi gbẹ kí ẹ tó gé e ní ìwọ̀n. Ìṣó tí ẹ máa kàn mọ́ ọn, kó jẹ́ bàbà tàbí irin tí kì í dípẹtà, torí ìṣó lásán á pa igi láró dúdú láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí òjò bá kàn án.