Bí mo ṣe fi kókó abẹ́ ọpọlọ àrọ̀ gún abẹ́rẹ́ fún abo

Ẹja àrọ̀ kì í yé nínú táńkì. Ẹyin lè kún un títí ikùn rẹ̀ yóò fi rọ̀ bí tìmùtìmù, kò ní yé. Nínú odò, òjò àti àkúnya omi ló ń sọ fún un pé àkókò tó. Àwa tí a ń sìn ín ní Ìbàdàn, abẹ́rẹ́ la fi ń sọ fún un. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí owó rẹ̀ ń jẹ èrè mi tán, mo ní kí n ṣe é bí àwọn àgbà iṣẹ́ ṣe ń ṣe é: kí n yọ kókó tó wà lábẹ́ ọpọlọ ẹja mìíràn. Pituitary ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Láti nǹkan bí 1934 ni von Ihering, onímọ̀ nípa ẹranko, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bùràsíìlì ti ń fi í mú ẹja yé.

Ìgbà àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹja kéékèèké mẹ́ta ni mo pa, kò sí èyí tó ju 700 giramu lọ. Mo gún abo lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tẹ ikùn rẹ̀ títí, ẹyin kan kò jáde. Mo pe ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹja mẹ́ta ti lọ, asán ni."

"Ṣé àwọn tí o pa ti tó bímọ?"

"Rárá, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, kí lo wá fẹ́ bá nínú orí wọn?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Kókó yẹn kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ dà bí ìsọ̀ inú ọjà, oníkálukú àti ohun tó ń tà. Ọjà wọn ni hómóònù, èròjà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri láti rán ara níṣẹ́. Níwájú ni àwọn tó ń ṣe prolactin wà, òun ni kì í jẹ́ kí iyọ̀ ara ẹja ṣòfò sínú omi odò. Ti ìdàgbàsókè wà láàárín. Lẹ́yìn ni àwọn tó ń mú awọ dúdú. Àwọn tí iṣẹ́ wa kàn, àárín ni wọ́n wà: FSH tó ń bọ́ ẹyin dàgbà, àti LH tó ń parí rẹ̀, tó sì ń tú u sílẹ̀. Nínú ẹja, sẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe méjèèjì. Ẹja tí kò tíì dàgbà, LH inú kókó rẹ̀ kò tó nǹkan. Abo inú táńkì ní tirẹ̀ ní LH o, ṣùgbọ́n dopamine, èròjà kan láti inú ọpọlọ, kò jẹ́ kó tú u jáde. LH tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ la ń bá a gbé wọlé.

Ẹ̀gbọ́n tún là mí lóye: a ò lè tẹ àtọ̀ jáde lára akọ àrọ̀, pípa la ó pa á dandan. Kí ló dé tí mi ò pa á lálẹ́, kí n lo orí rẹ̀, kí n sì tọ́jú ẹpọ̀n rẹ̀ sínú fíríìjì di àárọ̀?

Akọ tó wọn kílò 1.8 ni mo mú, abo jẹ́ 1.5. Mo gé orí akọ, mo yọ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kúrò, mo dojú àjà ẹnu rẹ̀ sókè. Egungun ibẹ̀ le. Ẹ̀mú ni mo fi ń fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, torí bí ẹ bá fipá fà á, kókó á bá egungun lọ. Nígbà tó ṣí, mo rí iṣan ojú méjì tó dábùú ara wọn. Lẹ́yìn wọn gan-an ló wà, funfun tó pọ́n díẹ̀, kò tó hóró ọkà bàbà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo fi ẹ̀mú tíńtín gbé e sínú odó kékeré, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo fi omi iyọ̀ mílílítà 2 sí i. (Iyọ̀ giramu 9 sínú lítà omi kan, omi tí a ti sè tó sì ti tutù.)

Mo fi aṣọ tútù bo ojú abo, mo gún un nínú ẹran ẹ̀yìn, mo fi ìka ra ojú abẹ́rẹ́ kó má baà tú jáde. Aago mẹ́wàá alẹ́ nìyẹn, omi sì wà ní 27°C. Bí omi bá tutù jù bẹ́ẹ̀, ẹ ó dúró pẹ́ sí i.

Aago méje àárọ̀, mo kàn gbé e ni ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, aláwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀, sínú abọ́ gbígbẹ. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án ní ìpele yìí. Mo gé ẹpọ̀n, mo fún àtọ̀ sórí ẹyin, mo fi ìyẹ́ adìyẹ rò ó, kí n tó bu omi sí i. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan péré ni àtọ̀ fi ń ta nínú omi, ẹ má dúró gba fóònù. Mo tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, abẹ́ àwọ̀n ń mì tìtì bí ìgbà tí ìdin bá bo nǹkan. Ẹran akọ yẹn ti wà nínú ìkòkò ìyàwó mi láti ọ̀sán àná.