Òṣùpá bo oòrùn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìtànṣán UV àti òsónì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí òṣùpá bá bo oòrùn, ṣé òsónì ojú ọ̀run (gáàsì tó ń dí ìtànṣán UV lọ́nà) máa ń dínkù, tí ìtànṣán UV, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú kì í rí tó ń jó awọ ara, á wá ráyè wọlé sí wa lára?

Rárá o. Ìtànṣán UV ń dínkù ni. Òsónì tó ń dáàbò bò wá pọ̀ jù lọ láàárín kìlómítà 15 sí 35 lókè, kì í sì í tètè yí padà níbẹ̀. Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta tí òṣùpá fi ń kọjá kò tó ohun tó lè mì ín. Òkè réré, láti nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ, ni ìyípadà ti ń yára. Ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́ òsónì ti lọ, àwọn átọ́ọ̀mù ọ́síjìn á wá so pọ̀ di òsónì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bó ti máa ń rí lálẹ́. Ṣùgbọ́n òsónì ibẹ̀ kéré púpọ̀ ju ohun tó lè yí àpapọ̀ padà lọ.

Kí ló wá dé tí ẹ̀rọ tó ń ka òsónì láti inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn fi ń gbé nọ́ńbà tó yàtọ̀ jáde nígbà náà?

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ̀rọ bíi Dobson kì í rí òsónì. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ méjì tí gígùn wọn yàtọ̀ ló ń fi wéra, fún àpẹẹrẹ 305.5 àti 325.4 nanomítà. Òsónì ń gba èkíní púpọ̀, ó ń gba èkejì díẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò. Etí oòrùn kò sì mọ́lẹ̀ tó àárín rẹ̀, bí ìgbì bá sì ṣe kúrú tó ni etí náà ṣe ń ṣókùnkùn tó. Nígbà tí òṣùpá bá ti bo àárín, tó ku bẹ́lẹ́ńjẹ́ bí èékánná, etí nìkan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí wa. 305.5 á dínkù ju 325.4 lọ, ẹ̀rọ á wá rò pé òsónì ló gbé e mì, á sì ka òsónì sókè. Lọ́wọ́ kejì, ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́n ká lójú ọ̀run, èyí tí ìgbì kúkúrú pọ̀ nínú rẹ̀, ń wọ inú ẹ̀rọ nígbà tí oòrùn fúnra rẹ̀ ti rẹ̀yìn. Ìyẹn ń fà á sísàlẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ ya gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kà nítòsí ìgbà tó bò jù sọ́tọ̀, àfi tí ẹ bá ti ṣe àtúnṣe fún òkùnkùn etí oòrùn ní ìgbì kọ̀ọ̀kan. Bí ìyípadà náà bá gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀ bákan náà ní ìhà méjèèjì ìgbà yẹn, ẹ fura sí ẹ̀rọ ná.

Sensor ML8511 wa tó ń wọn UV, tí a so mọ́ Arduino (bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré), kò sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe yẹ nígbà tí òṣùpá bo oòrùn.

Ẹ wo fóòtì (volt) iná tó ń gbé jáde nínú òkùnkùn. ML8511 ń gbé nǹkan bíi 1.0 fóòtì jáde láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan, àti nǹkan bíi 2.8 tí UV bá tó 15 mW/cm². Ẹ yọ 1.0 kúrò, kí ẹ fi 8.3 sọ ìyókù di púpọ̀. Ẹni tí kò bá yọ ọ́ á rò pé UV ṣì pọ̀ nígbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà, Arduino ń fi iná USB ṣe òṣùwọ̀n, iná yẹn kì í sì í sábà pé 5 fóòtì. Ẹ so pin 3.3V mọ́ pin A1 lára Arduino, kí ẹ fi í ṣe òṣùwọ̀n dípò rẹ̀.

Ẹ má fi gíláàsì fèrèsé bo sensor. Gíláàsì ń dá UV-B (UV tí ìgbì rẹ̀ kúrú) dúró, ó ń jẹ́ kí UV-A (èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn jù ú lọ) kọjá. Tépù funfun tí àwọn pọ́lọ́ńbà fi ń wé ẹnu páìpù, ìpele méjì, dára jù. Kí iye ìpele náà má yí padà láti ọjọ́ kan sí èkejì. Ẹ má gbé e sórí páànù tó gbóná. Ẹ sì rántí pé UV-A ló pọ̀ nínú ohun tí sensor yìí ń rí, nítorí náà ẹ má kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ bí òsùwọ̀n ìjóná awọ ara.

Wọ́n ní òṣùpá á bo ìdajì oòrùn, ṣùgbọ́n UV kò dínkù dé ìdajì.

Ìdajì ti fífẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wí. Bí òṣùpá bá wọ inú oòrùn dé ìdajì fífẹ̀ rẹ̀, nǹkan bíi ìdá 39 nínú 100 ojú rẹ̀ ló bò. Ìdá ojú ni kí ẹ fi ṣírò. Ohun kejì ni wákàtí. Ní March 29, 2006, òwúrọ̀ ni òṣùpá bo apá tó pọ̀ nínú oòrùn lókè Abẹ́òkúta, nígbà tí òkùnkùn kíkún gba àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà kọjá. Lásìkò bẹ́ẹ̀, oòrùn ṣì ń gòkè, UV ì bá máa pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Ẹ wọn ọ́n ní wákàtí kan náà lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú àti lẹ́yìn, lọ́jọ́ tí kò sí kùrukùru. Ọjọ́ tí ọyẹ́ bá gbé eruku wá, ẹ má fi ṣe àfiwé.

Sensor MQ-131 wa tó ń wọn òsónì, tó wà lẹ́bàá títì ní Láfẹ́ńwá, fi hàn pé òsónì ilẹ̀ dínkù nígbà tí òṣùpá bo oòrùn. Ṣé òótọ́ ni?

Ó lè jẹ́ òótọ́, nítorí òsónì ilẹ̀ yàtọ̀ sí ti òkè. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tú NO₂, gáàsì inú èéfín ọkọ̀, ká kí òsónì tó jáde lára rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá rẹ̀yìn, NO, gáàsì mìíràn nínú èéfín ọkọ̀, á máa jẹ òsónì tó wà nílẹ̀ lọ láìsí àfikún. Àmọ́ MQ-131 tún ń gbọ́ òórùn NO₂, ooru àti ọ̀rinrin sì ń tì í kiri, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ń tutù nígbà yẹn. Ẹ tan án sílẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán ṣáájú, kí ẹ sì kọ ooru àti ọ̀rinrin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Abọ́ omi la fi ń wò ó nílé wa. Ṣé ó dára?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Omi ń dá nǹkan bíi ìdá 2 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, bẹ́ẹ̀ gíláàsì ojú tó pójú owó tí a fi ń wo oòrùn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohun tó ju ìdá 0.0032 nínú 100 lọ kọjá. Ó ju ìlọ́po 600 lọ, ẹyin ojú kì í sì í ro wá nígbà tó bá ń jóná. Ẹ lu ihò mílímítà kan sára páálí, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ inú ihò náà bọ́ sórí bébà funfun. Ní mítà kan sí i, àwòrán oòrùn á tó mílímítà 9 ní fífẹ̀.