Ẹ má tètè kígbe titéníọ̀mù: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú yíyẹ ọ̀dà àwòrán Expressionist wò

Ní 2006, wọ́n ta àwòrán kan ní gbàǹjo ní ìlú Cologne, ní Jámánì, ní mílíọ̀nù 2.88 yúrò. Wọ́n ní Heinrich Campendonk, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán Expressionist (àwọn tó ń fi àwọ̀ líle sọ bí nǹkan ṣe rí lára wọn), ló yà á ní 1914. Ìgbà tí wọ́n yẹ ọ̀dà rẹ̀ wò ni wọ́n bá funfun titéníọ̀mù, ìyẹn ọ̀dà funfun tí wọ́n fi titéníọ̀mù ṣe, níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ní 1914, kò sí ayàwòrán tó lè rí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ rà. Wolfgang Beltracchi, tó ń ya ayédèrú àwòrán, ló yà á, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 6 fún un ní 2011. Ó ní funfun síǹkì lòun rò pé òun rà, ẹni tó ṣe ọ̀dà náà ni kò kọ titéníọ̀mù sára túùbù.

Ọ̀pọ̀ tó gbọ́ ìtàn yìí ló gbà pé kí èèyàn ṣáà ti rí titéníọ̀mù, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi ojú lásán dárúkọ àwọ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Búlúù Prussian, búlúù kóbáltì àti ultramarine lè jọra pátápátá bí ayàwòrán bá ti pò wọ́n mọ́ funfun. Àwọ̀ a sì tún máa ṣá. Nínú "The Scream" tí Edvard Munch yà ní nǹkan bí 1910, ọ̀rinrin ti ba ìyeyè kádímíọ̀mù jẹ́ débi pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun láwọn ibì kan.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti XRF, ẹ̀rọ tó ń tan ẹ́síréè sí ọ̀dà. Ẹ̀rọ yìí kì í dárúkọ ọ̀dà o, élímẹ́ǹtì inú rẹ̀ nìkan ló ń sọ, ó sì lè ṣini lọ́nà. Àmì titéníọ̀mù wà ní 4.51 keV (keV ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ́síréè), ti báríọ̀mù wà ní 4.47. Wọ́n sún mọ́ra débi pé ìlà tó yọ sókè bí òkè kan ṣoṣo lẹ máa rí lójú kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ báríọ̀mù pọ̀ nínú ọ̀dà ayé ìgbà yẹn: ó wà nínú lithopone, tó jẹ́ ọ̀dà funfun kan, àwọn tó ń ṣe ọ̀dà sì máa ń fi bù mọ́ ọn kó lè pọ̀. Mo rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fò sókè pé òun ti mú ayédèrú. A wo 32 keV, àmì báríọ̀mù míì ga fíofío níbẹ̀. Nígbà tí a yọ ti báríọ̀mù kúrò nínú òkè àkọ́kọ́, kò ku ohun tí a lè pè ní titéníọ̀mù. Bákan náà ni ásẹ́nìkì (10.54) àti òjé (10.55). Ẹni tó bá ń wá àwọ̀ ewé onásẹ́nìkì lórí ìpìlẹ̀ olójé, 11.73 ni kó wò.

Búlúù phthalo, tó jáde ní 1935, bàbà nìkan ni XRF máa rí nínú rẹ̀. Ẹ fi Raman kún un, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi iná lésà dá ọ̀dà fúnra rẹ̀ mọ̀.

Ẹ má gbàgbé pé ọwọ́ míì lè ti kan àwòrán. Titéníọ̀mù lè jẹ́ ti ẹni tó tún un ṣe. Ẹ tan iná UV sí i nínú òkùnkùn ná, ibi àtúnṣe sábà máa ń dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ. Ayàwòrán fúnra rẹ̀ náà lè padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀: Ernst Ludwig Kirchner tún àwọn àwòrán rẹ̀ àtijọ́ kùn ní Davos, ní Switzerland, láàárín àwọn ọdún 1920. Ọ̀dà tó dé lẹ́yìn déètì ara àwòrán kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ti ọ̀daràn.

Bó bá di dandan kẹ́ ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e láàárín ojú àwòrán. Etí ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú un, kó má tó orí abẹ́rẹ́ ìdè, kẹ́ ẹ sì kọ ibi tẹ́ ẹ ti mú un sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi résìn dì í, kẹ́ ẹ yún un títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi hàn. Lábẹ́ máíkróskóòpù, ẹ ó rí ìpele lórí ìpele: ìpìlẹ̀ funfun nísàlẹ̀, búlúù lórí rẹ̀, fáníìṣì tó ti pọ́n. Bí ìlà ìdọ̀tí tàbí fáníìṣì bá wà láàárín búlúù àti titéníọ̀mù tó wà lókè rẹ̀, àfàìmọ̀ kí titéníọ̀mù yẹn má jẹ́ àlejò.